Ìtàn Ìgbésí Ayé Ọ̀jọ̀gbọ́n Heike Kamerlingh Onnes

Ìwọ akẹ́kọ̀ọ́ tí o ń múra ìdánwò, bí o bá ti gba ọ̀nà Ọ̀kà Àkókó lọ sí Ìṣùà rí, ojú rẹ yóò ti rí àwọn òpó iná tí ó tò lọ lẹ́bàá ọ̀nà, tí wọ́n ń bá òkè gòkè, tí wọ́n ń bá àfonífojì sọ̀kalẹ̀, tí wáyà wọn sì rọ̀ sílẹ̀ díẹ̀ láàárín òpó kan sí èkejì bí okùn tí a sá aṣọ tútù sí. Ọ̀nà jíjìn ni iná inú irú wáyà bẹ́ẹ̀ ti ń wá. Omi Odò Ọya ní Káínjì wà lára ohun tí ó ń yí ẹ̀rọ tí ó ń pèsè iná fún ilẹ̀ wa. Láti ìgbà tí a ti ṣí dáàmù Káínjì ní ọdún 1969 ni iná ti ń gba orí òpó onírin gíga láti ibẹ̀ lọ sí Jẹ́bà, láti Jẹ́bà lọ sí Òṣogbo, kí a tó máa pín in káàkiri.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo iná tí ó kúrò ní Káínjì ni ó ń dé ilé. O ti kà nínú ìtàn nípa àwọn oníbodè ayé àtijọ́. Bí alájàpá bá ru ẹrù rẹ̀ láti ìlú kan lọ sí èkejì, ní bodè kọ̀ọ̀kan tí ó bá dé ni yóò ti san nǹkan kí wọ́n tó jẹ́ kí ó kọjá. Nígbà tí yóò bá fi dé ọjà, èrè rẹ̀ ti fúyẹ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wáyà ń ṣe fún iná. Ní gbogbo ẹsẹ̀ bàtà tí iná bá rìn, wáyà ń gba tirẹ̀, ohun tí ó sì gbà a di ooru, ooru náà a bá afẹ́fẹ́ lọ. Àwọn onímọ̀ iná wá ọgbọ́n dá sí i. Wọ́n ṣe bí oníṣòwò tí ó mọ̀ pé iye orí alárùú ni oníbodè fi ń gba owó, tí ó wá dín alárùú kù, tí ó sì di ẹrù olówó iyebíye ru ìwọ̀nba tí ó kù. Ìdí nìyí tí iná fi ń gbéra láti Káínjì ní fóòtì 330,000, tí a sì ń rọ̀ ọ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí ó tó wọ ilé. Ọgbọ́n yìí dín owó bodè kù, kò lé oníbodè lọ.

Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún ọ yìí ni ó kọ́kọ́ darí iṣẹ́ tí ó fi hàn pé ọ̀nà kan wà tí kò sí oníbodè kankan lórí rẹ̀. Kì í ṣe ohun tí ó ń wá nìyẹn. Òtútù ni ó ń wá.

Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹsàn-án ọdún 1853 ni a bí Heike Kamerlingh Onnes ní ìlú Groningen, ní apá àríwá orílẹ̀-èdè Nẹ́dálándì, èyí tí àwọn ìyá wa mọ orúkọ rẹ̀ sí Họ́láńdì nítorí ànkárá. Harm ni orúkọ baba rẹ̀, ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń sun bíríkì ni ó sì ní. Ìyá rẹ̀, Anna Gerdina Coers, jẹ́ ọmọ ayàwòrán-ilé kan ní ìlú Arnhem. Fi iṣẹ́ baba yẹn sọ́kàn. Ìdí iná ààrò tí wọ́n ti ń sun amọ̀ ni ọmọ tí yóò lépa òtútù ti jáde wá. Ilé náà sì ní ojú ẹwà pẹ̀lú, nítorí pé Menso, àbúrò rẹ̀, di ayàwòrán tí a mọ̀, arábìnrin wọn sì fẹ́ ayàwòrán mìíràn.

Irú ilé ìwé girama tí ó lọ kì í kọ́ ọmọ ní èdè Látìnì àti Gíríìkì. Sáyẹ́ǹsì, ìṣirò àti àwọn èdè tí ènìyàn ń sọ lójoojúmọ́ ni wọ́n ń kọ́ wọn. Láyé ọjọ́un, ẹni tí kò bá gbọ́ Látìnì àti Gíríìkì kò lè ṣe ìdánwò yunifásítì ní ilẹ̀ wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin yìí kò jókòó kí ó máa bú òfin. Ó gba olùkọ́ mọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó kọ́ èdè méjèèjì, ó sì wọ Yunifásítì Groningen ní ọdún 1870. Ní ọdún kejì ni ó gba àmì-ẹ̀yẹ oníwúrà nínú ìdíje tí Yunifásítì Utrecht gbé kalẹ̀ lórí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Lẹ́yìn náà ni ó kọjá sí Heidelberg ní Jámánì, níbi tí ó ti kẹ́kọ̀ọ́ lábẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n méjì tí orúkọ wọn kò ní ṣàjèjì sí ọ bí o bá ti wọ làbù rí. Èkíní ni Bunsen, ẹni tí a fi orúkọ rẹ̀ pe ìdáná kékeré tí ó wà lórí tábìlì ibẹ̀. Èkejì ni Kirchhoff, ẹni tí òfin rẹ̀ lórí iná wà nínú ìwé físíìsì rẹ. Ó padà sí Groningen, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní ọdún 1879. Ohun tí ó kọ ìwé lé lórí ni ẹ̀rí tuntun pé ayé ń yí, èyí tí ó fi ohun tí a so rọ̀ tí ó ń fì síwá sẹ́yìn wádìí.

Ẹni tí ó yí ọkàn rẹ̀ sí ọ̀nà tí ó wá tọ̀ ni Johannes van der Waals. Tísà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni van der Waals ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, òun náà kò sì gbọ́ Látìnì àti Gíríìkì. Ó ti dàgbà kí wọ́n tó yọ̀ǹda fún un láti ṣe ìdánwò, ní ọdún 1873 ni ó sì tó gba oyè ọ̀mọ̀wé. Jẹ́ kí èmi tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún di ṣọ́ọ̀kì mú fi ìyẹn yangàn díẹ̀. Tísà yìí ni ó ṣàlàyé bí gáàsì ṣe ń di olómi, tí ó sì fi hàn pé bí ènìyàn bá wọn gáàsì kan dáadáa, ó lè ṣírò bí òtútù yóò ti pọ̀ tó kí gáàsì náà tó di olómi. Onnes rí i pé ẹnì kan ní láti wọ̀n ọ́n. Ó sì pinnu pé òun ni ẹni náà.

Ní ọdún 1882 wọ́n fi í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n físíìsì ní Yunifásítì Leiden. Ọmọ ọdún 29 ni. Nínú ọ̀rọ̀ tí ó sọ nígbà tí ó gba ipò náà, ó jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé nípa wíwọ̀n ni ènìyàn fi ń dé ibi ìmọ̀, ó sì wù ú kí a kọ ọ́ sí ẹnu ọ̀nà gbogbo ilé ìwádìí. Ní ọdún 1887 ó gbé Maria Bijleveld níyàwó, wọ́n sì bí ọmọkùnrin kan, Albert. Ara rẹ̀ kò le púpọ̀. Àyà máa ń dùn ún, òtútù ìlú wọn kò sì bá a lára mu. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ náà pani lẹ́rìn-ín: ẹni tí òtútù ń dà láàmú ni ó ń fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ wá òtútù kiri.

Irú òtútù wo ni ó ń wá? Ìwọ tí o bá ti sùn ní orí òkè Ọ̀kà nígbà ọyẹ́ lè rò pé o mọ òtútù. Ọyẹ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀. Òdo ni a fi ń ka òtútù tí ó ń sọ omi di yìnyín. Ọ́síjìn, tí ó wà nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí, di olómi bí òtútù bá dé ìwọ̀n 183 sísàlẹ̀ òdo. Háídírójìn ní tirẹ̀ fẹ́ ìwọ̀n 253 sísàlẹ̀ òdo. Lẹ́yìn èyí ọ̀nà kò gùn mọ́, nítorí pé ní ìwọ̀n 273 sísàlẹ̀ òdo ni òtútù ti parí. Kò sí ohun tí ó lè tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ láyé. Bí ẹni ń sọ̀kalẹ̀ lórí àkàsọ̀ sínú kànga jíjìn ni iṣẹ́ náà rí: gáàsì kan tí a ti sọ di olómi ni a fi ń tutù èyí tí ó tẹ̀ lé e, kò sì sí bí a ṣe lè fo ọ̀wọ̀n kan nínú àkàsọ̀ náà. Ọdún mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ ni Onnes fi to ẹ̀rọ rẹ̀ kí ó tó lè máa pèsè ọ́síjìn olómi lọ́pọ̀lọpọ̀, ní nǹkan bí ọdún 1892 sí 1894.

Orí ìyẹn ni ó wà nígbà tí àwọn ará ìlú dìde sí i.

Má ṣe yára bú wọn. Ní ọdún 1807 ọkọ̀ ojú omi kan tí ó kó ẹ̀tù ìbọn gúnlẹ̀ sí àárín ìlú Leiden, ẹ̀tù náà bú gbàmù, ó wó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé, ó sì pa nǹkan bí 150 ènìyàn. Lórí ilẹ̀ tí àwọn ilé wọ̀nyẹn ti wó gan-an ni wọ́n wá kọ́ ilé ìwádìí Onnes sí. Nígbà tí àwọn aládùúgbò gbọ́ pé ọ̀jọ̀gbọ́n kan ń ki gáàsì mọ́ inú àgbá irin pẹ̀lú agbára ńlá, wọ́n rántí ohun tí àwọn baba ńlá wọn sọ. Ní ọdún 1895 ọ̀ràn náà dé ọ̀dọ̀ ìjọba, wọ́n sì ní kí iṣẹ́ gáàsì dúró ná. Ìgbìmọ̀ jókòó, àwọn amòye kọ̀wé, van der Waals wà nínú àwọn tí ó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Ó di ọdún 1898 kí wọ́n tó gbà á láyè padà.

Ọdún 1898 yẹn náà ni James Dewar sọ háídírójìn di olómi ní Lọ́ńdọ̀nù. Dewar ni ó ṣe irú ìgò alápò méjì tí a ti fa afẹ́fẹ́ àárín rẹ̀ kúrò, èyí tí fúláàsìkì tí ìyá rẹ ń rọ omi gbígbóná sí ti wá. Ìdíje gidi wà láàárín òun àti Onnes lórí ẹni tí yóò kọ́kọ́ dé ìsàlẹ̀ kànga. Nígbà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ̀kan, èkejì sọ̀kalẹ̀ kọjá rẹ̀. Síbẹ̀ Dewar yìí kan náà wà lára àwọn tí ó kọ̀wé sí àwọn aláṣẹ Nẹ́dálándì láti bẹ̀bẹ̀ fún Onnes pé kí wọ́n má ṣe ba iṣẹ́ ọkùnrin náà jẹ́. Èmi kò mọ iye ènìyàn tí yóò ṣe bẹ́ẹ̀ fún orogún rẹ̀.

Ohun tí Onnes ṣe lẹ́yìn náà ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìtàn rẹ̀. Dewar máa ń dá iṣẹ́ ṣe pẹ̀lú ìwọ̀nba olùrànlọ́wọ́ tí kì í sì í pẹ́ kí ó tó bá wọn jà. Onnes mọ̀ pé ọwọ́ ọ̀jọ̀gbọ́n kan ṣoṣo kò lè tún gbogbo páìpù ṣe. Ó dá ilé ìwé sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ilé ìwádìí rẹ̀ ní ọdún 1901, níbi tí àwọn ọmọkùnrin ìlú ti ń kọ́ṣẹ́ fífẹ́ gíláàsì àti ṣíṣe ẹ̀rọ ìwọ̀n. Aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ búlúù ni wọ́n ń wọ̀, nítorí náà ni wọ́n fi ń pè wọ́n ní àwọn ọmọ aláṣọ búlúù. Ní ọ̀sán wọn a máa ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ọ̀gá, ní alẹ́ wọn a máa kàwé. Gerrit Flim ni olórí àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ, Oskar Kesselring ni ó mọ ọ̀nà gíláàsì. Àwọn aláìgboyè wọ̀nyí ni ó kọ́ ilé tí ó tutù jù ní gbogbo ayé. Bí o bá ní ẹ̀gbọ́n tí ó ń kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì tàbí wẹ́dà ní Ìkàrẹ́, sọ èyí fún un.

Ní ọdún 1906 Leiden ti ní háídírójìn olómi tí ó tó lò, kì í ṣe ìṣẹ́jú kan tí yóò tán. Hílíọ́mù nìkan ni ó kù. Gáàsì yìí ṣọ̀wọ́n. Inú ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí àmì rẹ̀ ní ọdún 1868, ní ọdún 1895 ni wọ́n sì tó rí i láyé. Onno, àbúrò Onnes tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ọ̀rọ̀ ìṣòwò ní Amsterdam, ni ó bá a wá oríṣi iyanrìn kan láti Amẹ́ríkà, tí hílíọ́mù díẹ̀ fara pamọ́ sínú rẹ̀. Wọ́n ń yan iyanrìn yìí lórí iná, wọ́n ń fọ gáàsì tí ó bá jáde, títí wọ́n fi kó èyí tí ó tó lò jọ.

Ọjọ́ 10 oṣù keje ọdún 1908 ni ọjọ́ náà. Lítà 75 afẹ́fẹ́ olómi ti wà nílẹ̀ láti ọjọ́ tí ó ṣáájú. Kí aago mẹ́fà òwúrọ̀ tó lù ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Títí di ọ̀sán, háídírójìn ni wọ́n ń pèsè, wọ́n sì rí lítà 20. Bí afẹ́fẹ́ díẹ̀ bá ṣèèṣì wọ inú páìpù, yóò dì bí òkúta, iṣẹ́ ọdún púpọ̀ yóò sì bàjẹ́. Onnes kò lè kúrò nídìí ẹ̀rọ. Ìyàwó rẹ̀ ni ó wá, tí ó ń fi búrẹ́dì sí i lẹ́nu bí ẹni ń bọ́ ọmọ kékeré. Lẹ́yìn aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni hílíọ́mù bẹ̀rẹ̀ sí yípo nínú ẹ̀rọ. Tẹmọ́mítà sọ̀kalẹ̀, sọ̀kalẹ̀, ó wá dúró lójú kan. Kò lọ síwájú, kò bọ̀ sẹ́yìn. Gbogbo ènìyàn rò pé iṣẹ́ ti bàjẹ́. Àfi ìgbà tí ọ̀jọ̀gbọ́n kan láti ẹ̀ka kẹ́mísìrì, Schreinemakers, tí ó kàn yà wá wòran, ní bóyá inú omi náà ni tẹmọ́mítà wà, kí wọ́n tan iná sí ìgò náà láti ìsàlẹ̀ wò ó. Wọ́n tàn án. Ojú omi náà hàn gbangba, bí etí ọ̀bẹ lára gíláàsì. Hílíọ́mù ti kún ìgò náà tán, wọn kò mọ̀! Gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bí mílílítà 60 lọ, kò kún ife tíì. Ìwọ̀n 269 sísàlẹ̀ òdo ni ó ti ń hó. Fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn náà kò sí ibòmíràn lágbàáyé tí ó ní hílíọ́mù olómi bí kò ṣe Leiden.

Nísinsìnyí jẹ́ kí a padà sí ọ̀ràn wáyà. Àwọn onímọ̀ ti mọ̀ pé bí wáyà bá ṣe ń tutù sí i ni owó bodè tí ó ń gbà lọ́wọ́ iná ń dín kù. Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ ní ìsàlẹ̀ kànga? Àwọn kan rò pé yóò máa dín kù pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Lord Kelvin, àgbà onímọ̀ ilẹ̀ Bìrìtìkó, rò pé òtútù náà yóò mú iná dì nínú wáyà bí omi ti í dì, kò sì ní lè rìn mọ́ rárá. Onnes nìkan ni ó ní ibi tí a ti lè wádìí rẹ̀. Ó lo wúrà, ó lo pílátínọ́mù, ṣùgbọ́n ẹ̀gbin díẹ̀ tí ó wà nínú wọn ń da ìwọ̀n rú. Ó wá yan mákúrì, irin olómi tí ó wà nínú tẹmọ́mítà, nítorí pé a lè sè é kí ooru rẹ̀ di omi padà léraléra títí yóò fi mọ́ gaara. Wọ́n rọ ọ́ sínú ọ̀pá gíláàsì tí ihò rẹ̀ tín-ín-rín, wọ́n sì jẹ́ kí ó dì di wáyà.

Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹrin ọdún 1911 ni wọ́n wọ̀n ọ́n. Onnes àti Flim dúró ti ẹ̀rọ òtútù, Cornelis Dorsman ń wo bí ó ti tutù tó, Gilles Holst sì jókòó sínú yàrá mìíràn, jìnnà sí ariwo ẹ̀rọ, ó ń ka ohun tí iná inú mákúrì ń sọ. Nígbà tí òtútù sún mọ́ ìwọ̀n 269 sísàlẹ̀ òdo, ìdíwọ́ tí mákúrì ń ṣe fún iná kò dín kù pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, iná kò sì dì. Ìdíwọ́ náà pòórá ni. Wọ́n rò pé wáyà ti kan ara wọn níbì kan, wọ́n tún un ṣe, wọ́n tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn náà. Ohun kan náà ni wọ́n rí. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní superconductivity dé ayé nìyẹn.

Ibí yìí ni mo ti ní ẹ̀sùn kan sí ọkùnrin tí mo ń yìn. Holst ni ó ka ìwọ̀n náà, ṣùgbọ́n orúkọ Onnes nìkan ni ó wà lókè ìwé tí wọ́n fi kéde rẹ̀. Nínú ìwé ni a ti dárúkọ ọmọkùnrin náà dúpẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni àṣà àwọn ọ̀gá rí nígbà náà, kò sì mú un tọ́. Holst kò rojọ́. Ó kọjá sí ilé iṣẹ́ Philips ní ọdún 1914, ó sì di olórí ilé ìwádìí wọn.

Ní ọdún 1913 wọ́n fún Onnes ní Ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ físíìsì, nítorí iṣẹ́ òtútù rẹ̀ tí ó yọrí sí hílíọ́mù olómi. Ọdún yẹn kan náà ni ó rìn lọ sí Chicago, tí ó sì sọ ìlérí ńlá. Òjé náà ti hàn pé ó ń ṣe bíi mákúrì nínú òtútù. Onnes ní òun yóò ká wáyà òjé jọ, òun yóò fi iná sí i, òun yóò sì fi ṣe òòfà tí agbára rẹ̀ kò tíì sí rí, láìsí pé ooru kankan jáde. Ó padà sílé, ó dán an wò. Bí agbára òòfà náà ti ń ga, tí kò tíì dé ìdá kékeré nínú ohun tí ó ṣèlérí, ni wáyà òjé padà di wáyà lásán. Òòfà tí wáyà bí ni ó pa á. Bí iná inú rẹ̀ bá sì ti pọ̀ jù, bẹ́ẹ̀ náà ni. Nítorí náà, bí o bá ń kọ ìtàn yìí sínú ìdánwò, má ṣe kọ ọ́ pé Onnes ṣe wáyà tí ó gbé iná lọ sí ìlú kan. Kò ṣe é, kò sì rí ẹni tí ó ṣe é títí ó fi kú.

Síbẹ̀ ní ọdún 1914 ó ṣe ohun kan tí ó ya gbogbo onímọ̀ lẹ́nu. Ó jẹ́ kí iná máa yípo nínú wáyà òjé tí a ká, tí a sì so ẹnu rẹ̀ pọ̀, ó ri í sínú hílíọ́mù, ó sì yọ ohun tí ó ń fún un ní iná kúrò. Iná náà kò dúró. Kò sí bátìrì, kò sí ẹ̀rọ, iná ń yí lọ fún wákàtí lórí wákàtí. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, ní 1932, Flim gbé irú òrùka òjé bẹ́ẹ̀ sínú ìgò hílíọ́mù, ó bá a wọ ọkọ̀ òfurufú lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, iná inú rẹ̀ sì ń yí nígbà tí ó débẹ̀.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní àti lẹ́yìn rẹ̀, Onnes fi àkókò rẹ̀ ṣètò oúnjẹ fún àwọn ọmọdé tí ebi ń pa ní àwọn ilẹ̀ tí ìyàn mú. Ó tún ń sọ̀kalẹ̀ lórí àkàsọ̀ rẹ̀. Ohun tí ó kù tí ó ń fẹ́ ni kí hílíọ́mù olómi dì bí yìnyín. Ó fa afẹ́fẹ́ orí rẹ̀ kúrò, ó dé ibi tí kò tó ìwọ̀n kan mọ́ kí òtútù parí, hílíọ́mù kò dì. Ó fẹ̀yìn tì ní ọdún 1923, ó sì kú ní Leiden ní ọjọ́ 21 oṣù kejì ọdún 1926, ní ọmọ ọdún 72. Ní oṣù kẹfà ọdún yẹn kan náà, oṣù mẹ́rin péré lẹ́yìn ikú rẹ̀, Willem Keesom, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, mú hílíọ́mù dì ní Leiden. Wọ́n ń sọ ọ́ pé ní ọjọ́ ìsìnkú, tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ lé pósí lọ sí ìlú Oegstgeest, àkókò ti lọ, ẹṣin tí ó ń fa pósí bẹ̀rẹ̀ sí sáré, àwọn náà sì ní láti máa sáré lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín láàárín ẹkún pé ọ̀gá ti kú tán, kò sì jẹ́ kí àwọn sinmi.

Ó gba ọ̀pọ̀ ọdún kí a tó rí irin mìíràn tí òòfà kò lè tètè borí. Láti nǹkan bí ọdún 1960 ni wọ́n ti rí irú rẹ̀, òun ni ó sì wà nínú ẹ̀rọ ńlá tí àwọn dókítà ń ti aláìsàn sí láti fi òòfà ya àwòrán inú ara rẹ̀. Òòfà alágbára tí Onnes ṣèlérí ní Chicago nìyẹn. Ṣùgbọ́n wáyà ojú ọ̀nà jíjìn kò tíì ṣeé ṣe, nítorí hílíọ́mù wọ́n bí ojú. A kò lè fi ri wáyà láti ìlú dé ìlú. Ní ọdún 1986 Bednorz àti Müller, ní ilé ìwádìí kan lẹ́bàá Zurich, rí i pé kì í ṣe irin nìkan ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun kan tí wọ́n pò pọ̀ tí wọ́n sì sun nínú ààrò bí ẹni sun amọ̀ ń gba iná kọjá láìgba owó bodè, níbi tí òtútù kò tíì le tó ti mákúrì. Ní ọdún 1987 àwọn mìíràn ní Amẹ́ríkà rí èyí tí náítírójìn olómi tó láti tutù, ní ìwọ̀n 196 sísàlẹ̀ òdo. Náítírójìn kò wọ́n. Nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún afẹ́fẹ́ ni. Ohun tí ó dà bí bíríkì baba Onnes ni ó wá yanjú ọ̀ràn tí òjé ọmọ rẹ̀ kò lè yanjú.

Wọ́n ti fi ṣe wáyà báyìí. Ní ọdún 2008 wọ́n ri irú wáyà bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀ ní Long Island, lẹ́bàá New York, ní fóòtì 138,000, gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 600. Ní ọdún 2014 wọ́n ṣe òmíràn sí abẹ́ ilẹ̀ ìlú Essen ní Jámánì. Inú páìpù alápò méjì ni wáyà náà wà, bíi ti fúláàsìkì Dewar, náítírójìn olómi sì ń ṣàn yí i ká láìdúró. Òtútù náà kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ẹ̀rọ tí ó ń pèsè rẹ̀ ń jẹ iná, ó sì gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru. Ní ọjọ́ tí ó bá dúró, wáyà yóò gbóná, oníbodè yóò sì padà sí ẹnu bodè rẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé àárín ìlú tí iná pọ̀, tí àyè kò sì sí fún òpó, ni a ti ń lò ó. Kìlómítà kan ni gígùn ti Essen, nígbà tí wọ́n sì tan án kò tíì sí èyí tí ó gùn jù ú lọ láàárín ìlú. Láti Ìwárò Ọ̀kà dé Ìṣùà ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.